Ta ló ni géèmù tí a fowó wa rà?

Aláriwo
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí.

The Crew, géèmù eré ọkọ̀ tí Ubisoft gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ni wọ́n pa server rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tí géèmù náà ń bá sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹni tó bá gbá a yóò rántí pé ó ní ìtàn tí èèyàn lè dá gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n wọ́n ti so gbogbo rẹ̀ mọ́ server, nígbà tí server sì kú, ìtàn náà bá a lọ. Ẹni tó ní díìsìkì rẹ̀ lọ́wọ́, díìsìkì náà kò ṣí ohunkóhun mọ́. Kò pẹ́ sí i, nínú oṣù Kẹrin, àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé wọ́n ti gba àṣẹ ìlò rẹ̀ kúrò nínú àkáǹtì wọn.

Mi ò bínú pé wọ́n pa server, server kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún ẹni tó ń rà á pé ọjọ́ báyìí ni yóò parí. Nígbà tí wọ́n ń gbowó, wọ́n ṣe bí ẹni ń tajà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbà á padà ni wọ́n tó rántí pé ṣe ni wọ́n yá wa lò.

Kí lẹ rí sí i? Ẹ má kàn sọ pé "bó ṣe rí nìyẹn" o.

Kóòdù_Òru
Ẹ̀gbọ́n Aláriwo, mo gbọ́ yín. Àmọ́ ìdí iṣẹ́ yìí ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo. Server kan ń yẹ àkáǹtì wò, òmíràn ń wá ẹni tí ẹ máa bá gbá, òmíràn ń tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ ti jẹ. Púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ iléeṣẹ́ mìíràn la ti háyà wọn. Àwọn mọ́tò inú géèmù eré ọkọ̀ ńkọ́? Iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò gan-an ló ń fúnni láṣẹ láti lo orúkọ àti àwòrán wọn, àṣẹ yẹn sì lè ní ọjọ́ tó ń parí. Orin náà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wá ní ká kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé, ohun tí kì í ṣe tiwa ló máa pọ̀ jù níbẹ̀.

Video Games Europe, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ géèmù ní Yúróòpù, béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́dún 2025: bí aládàáni bá ń darí server, ta ni yóò dáàbò bo data àwọn tó wà lórí rẹ̀? Ta ni yóò yọ ìwà àti ọ̀rọ̀ tí kò bófin mu kúrò? Ẹ má rò pé ojúkòkòrò nìkan ni o.

Bọ́tìnnì_X
Àṣẹ mọ́tò ń parí, àṣẹ orin ń parí, owó tèmi nìkan ni kì í padà 😂

Àṣàyàn
@Kóòdù_Òru, ẹ ṣeun tí ẹ là á yé wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń bá jà kọ́ ni ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè. Ross Scott tó dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, lórí ọ̀rọ̀ The Crew yìí gan-an, kò ní kí ẹnikẹ́ni máa tan server títí ayé. Kò sì ní kí ẹ kó kóòdù yín sí ìta. Ohun tó ń wí ni pé, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ fi géèmù náà sílẹ̀ ní ipò tó ṣì ṣeé gbá. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà ṣe é kù sọ́wọ́ yín.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Velan Studios pa server Knockout City ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n wá gbé ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà, tí àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà lè fi gbé server tiwọn kalẹ̀. Ilé ńlá kọ́ ni Velan o.

Ẹ tún wo SimCity ti ọdún 2013. Nígbà tó jáde, server kún fọ́fọ́, àwọn tó ti sanwó kò rí àyè wọlé. Àwọn èèyàn ní kí wọ́n yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀, iléeṣẹ́ tó ṣe é ní kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Nígbà tó di 2014, wọ́n ṣe é. Ubisoft pàápàá, lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí, ti fi ọ̀nà àìlo íńtánẹ́ẹ̀tì sínú The Crew 2. Ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe a máa ṣeé ṣe bí ariwo bá ti pọ̀ tó.

Kóòdù_Òru
Knockout City, mo gbà fún yín. Àmọ́ eré ìjubọ́ọ̀lù-luni ni, àwọn èèyàn díẹ̀ ló ń pàdé nínú yàrá kékeré kan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ wà nínú ayé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ilé ta ni yóò gbé ìyẹn?

Àpótí_Àtijọ́
City of Heroes ńkọ́? Irú ẹ̀ gan-an nìyẹn. NCSoft pa á ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ, wọ́n gbé e dìde fúnra wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, NCSoft fúnra rẹ̀ fún Homecoming, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn tó gbé e dìde náà, ní àṣẹ láti máa bá a lọ. Láti inú ìbòòji ni wọ́n ti bọ́ sí gbangba. Ayé kò parí.

Ìwé_Òfin
Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí òfin bá a dé, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Lọ́dún 2012, ilé-ẹjọ́ gíga Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle, wọ́n ní ẹni tó bá ra àṣẹ ìlò software tí kò ní gbèdéke lè tà á fún ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti wà á sílẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. UFC-Que Choisir, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn oníbàárà ní Faransé, wá pe Valve tó ni Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́jọ́, pé kí ẹni tí géèmù bá ti sú lè tà á bí a ṣe ń ta díìsìkì àlòkù. Wọ́n jàre ní Paris lọ́dún 2019. Ní 2022, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà dànù, nígbà tó sì di 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé ní ohun tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣe dára. Àlàyé wọn ni pé géèmù kì í ṣe software lásán. Àwòrán wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, nítorí náà òfin ti software nìkan kò lè dé e. Ní èdè tó rọrùn, ètò tí ẹ fi ń ṣírò owó ọ́fíìsì lè jẹ́ tiyín láti tà, ṣùgbọ́n géèmù tí ẹ rà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ kò lè tà á. Ẹni tí ìyẹn bá yé kó sọ fún mi.

Ní Amẹ́ríkà, Gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lu òfin kan tí wọ́n ń pè ní AB 2426 ní ìpínlẹ̀ California ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ó ní ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ sọ fún èèyàn pé ó "ra" géèmù tàbí fíìmù láìsọ fún un kedere pé àṣẹ ìlò ni ó gbà, àfi bó bá jẹ́ ohun tí olówó rẹ̀ lè wà sílẹ̀ kó sì máa lò ó títí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ ni Steam ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ibi ìsanwó. Ẹ kíyè sí i o: òfin yìí kò dá géèmù kankan padà fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí wọ́n sọ fún wa pé wọn ò fún wa ni.

Aláriwo
Ọ̀gá Ìwé_Òfin, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí Stop Killing Games ń gba ìbuwọ́lù sí ní Yúróòpù ńkọ́? Ibo ló dé?

Ìwé_Òfin
Ó ti kọjá mílíọ̀nù kan ìbuwọ́lù ní oṣù Keje ọdún 2025. Mílíọ̀nù kan ni òfin wọn béèrè, pẹ̀lú iye tó tó láti orílẹ̀-èdè méje ó kéré tán. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí ni pé Kọmíṣọ̀n Yúróòpù gbọ́dọ̀ dáhùn. Dáhùn ni mo sọ o, mi ò sọ pé kí wọ́n ṣòfin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n jíròrò rẹ̀ nílé aṣòfin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba sì ní àwọn ò ní í yí òfin oníbàárà padà. Ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀, iṣẹ́ kò sí.

Ìyálóde_Píksẹ́ẹ̀lì
Ẹ̀ ń sọ ti server. Ní tèmi, géèmù wà, server wà, èmi ni wọn ò jẹ́ kó wọlé.

Wọ́n ti àkáǹtì mi pa torí owó kan tí báǹkì dá padà, tí mi ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá padà. Wọ́n ní mo fẹ́ lù wọ́n ní jìbìtì. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló ń fèsì: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a ti yẹ ọ̀rọ̀ yín wò, ìpinnu wa kò yí padà." Mo tún kọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún kọ padà, kò yàtọ̀ níbì kankan, àní àmì ìdánudúró tí wọ́n fi sí ibi tí kò yẹ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo géèmù tí mo ti ń kó jọ wà nínú àkáǹtì yẹn, títí kan ìlú tí ọmọ mi ti ń fi sùúrù kọ́ nínú ọ̀kan nínú wọn. Kò sí adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó ní kí n wá wí tẹnu mi.

Àṣàyàn
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyálóde. Báǹkì kò bi yín, iléeṣẹ́ kò bi yín, ẹ̀yin ni wọ́n wá fìyà jẹ. Ohun tó yẹ kí òfin kọ́kọ́ mú nìyí, kó tó dé orí server pàápàá: kí èèyàn tí ó ní ojú àti etí ka ìwé ẹni kí wọ́n tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Bọ́tìnnì_X
Àwọn tó ra Minecraft tipẹ́tipẹ́ náà ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n gbé àkáǹtì Mojang wọn kọjá sí ti Microsoft, gbèdéke rẹ̀ kọjá lọ́dún 2023. Ẹni tí kò ka í-méèlì rẹ̀ lásìkò, kó lọ tún un rà. Torí í-méèlì!

Àpótí_Àtijọ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí ó dùn mí jù. Lọ́dún 2023, Video Game History Foundation ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé nínú géèmù àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lọ́jà mọ́. Ẹ̀yin tó bá ní owó lọ́wọ́ kò lè rí wọn rà, àfi kí ẹ wá àlòkù kiri tàbí kí ẹ gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Wọ́n wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bẹ Copyright Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, pé kí àwọn ilé-ìkàwé lè jẹ́ kí olùwádìí gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n dá wọn lóhùn pé rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí kó gbé ara rẹ̀ wá sínú ilé-ìkàwé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn èèyàn lè máa fi gbádùn ara wọn! Ìwé àtijọ́ ńkọ́, ta ni wọ́n ń bi bóyá ìgbádùn ló fi ń kà á?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sọ̀rọ̀ emulator, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹ̀rọ géèmù mìíràn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olè. Ẹjọ́ Sony àti Connectix lọ́dún 2000 ti fi hàn pé kí èèyàn tú ẹ̀rọ PlayStation wò kó lè kọ emulator tirẹ̀ kò lòdì sófin. Ibi tí wàhálà wà ni òfin DMCA ti ọdún 1998, tó ní èèyàn kò gbọdọ̀ já àgádágodo orí iṣẹ́ ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà tó fowó ara rẹ̀ rà ló fẹ́ ṣí. Orí ìyẹn ni Nintendo mú àwọn tó ṣe Yuzu, emulator fún ẹ̀rọ Switch rẹ̀, wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa iṣẹ́ wọn tì.

Kóòdù_Òru
Ẹ̀gbọ́n, Yuzu yẹn má bọ́ sínú ìtàn akọni o. Géèmù tí kò tíì jáde làwọn kan ń fi emulator yẹn gbá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpamọ́ nǹkan àtijọ́ nìkan nìyẹn.

Àpótí_Àtijọ́
Òótọ́ ni, mi ò sì gbèjà wọn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń wí ni pé òfin kan náà tó mú wọn ló so ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tọ́jú díìsìkì tó ń bàjẹ́.

Olùṣọ́_Ojúlé
Gbogbo yín ń sọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n gbé wọnú ilé wa.

Vanguard, ètò tí iléeṣẹ́ Riot fi ń mú àwọn ayannijẹ nínú Valorant láti ọdún 2020, ń jí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí, kì í dúró dìgbà tí ẹ bá ṣí géèmù. Ó sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú Windows, ní ibi tí àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà. Bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá fún ọlọ́dẹ torí pé ó fẹ́ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó di 2024, wọ́n gbé e wọ League of Legends, àwọn tó ti ń gbá a lórí Linux láti ọ̀pọ̀ ọdún bá ara wọn níta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò sọ pé Riot ń jí data. Mo ń sọ pé bí àbùkù kan bá wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ti gba gbogbo kọ̀ǹpútà nìyẹn. Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí ohun tí Sony BMG fi pamọ́ sínú CD orin lọ́dún 2005, bí àwọn oníṣẹ́ ibi ṣe sá sábẹ́ rẹ̀.

Ranked_Kò_Ṣeré
Ọ̀gá, ẹ wá gbá ranked, ìdíje tí wọ́n ń fi ipò sí, pẹ̀lú ẹni tó ń rí yín láti ẹ̀yìn ògiri, ká wá mọ̀ bóyá ẹ ó ṣì máa wàásù. Èmi fọwọ́ sí Vanguard. Tí wọ́n bá fẹ́ kà á, kí wọ́n ka fáìlì mi, iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n máa bá níbẹ̀ 😂

Olùṣọ́_Ojúlé
Àbúrò, ẹ̀tọ́ tìẹ ni kí o gbà á. Ẹ̀tọ́ tèmi ni kí wọ́n bi mí kí wọ́n tó fi sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí n rí ọ̀nà yọ ọ́ kúrò.

Ìyálóde_Píksẹ́ẹ̀lì
Ti káàdì ìsanwó náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Steam yọ ọ̀pọ̀ géèmù ìbálòpọ̀ tó wà fún àgbàlagbà nìkan kúrò, itch.io, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn, fi gbogbo tirẹ̀ pamọ́ kúrò nínú àwárí. Ìjọba kò pàṣẹ, kóòtù kò dájọ́. Ẹgbẹ́ kan ní Ọsirélíà, Collective Shout, ló kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba owó káàdì, ìfòyà sì bo gbogbo ọjà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rí irú géèmù bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n itch.io kò ráyè ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí kò ní ìwà ìbàjẹ́ kankan nínú bá wọn lọ. Ìyá ọmọ ni mo jẹ́, èmi ló yẹ kó pinnu, kì í ṣe ẹni tó ń ka owó.

Bọ́tìnnì_X
Ẹ tilẹ̀ rántí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù yẹn kan náà? Wọ́n ní kí èèyàn fi ojú rẹ̀ han Discord, ojúlé tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kó lè fi hàn pé òun ti dàgbà, àwọn kan lọ ṣí Death Stranding, wọ́n fi ojú akọni inú géèmù han kámẹ́rà, ó gbà á wọlé. Ẹ̀rọ ti mọ àgbà!

Àpótí_Àtijọ́
Ìyálóde, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1990, Secret Service ti Amẹ́ríkà ya wọ iléeṣẹ́ Steve Jackson Games ní Austin, Texas, wọ́n kó kọ̀ǹpútà lọ pẹ̀lú ìwé géèmù kan tí wọn ò tíì tẹ̀ jáde. Géèmù orí tábìlì ni o, èyí tí wọ́n ń fi ìwé àti dáìsì ṣe! Iléeṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre lọ́dún 1993. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá Electronic Frontier Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn lórí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ lọ́dún 1990 kan náà. Nínú ọ̀rọ̀ géèmù ni ìjà ẹ̀tọ́ orí kọ̀ǹpútà ti gbérí, àwọn kan ṣì ń sọ pé eré ọmọdé ni à ń sọ.

Kóòdù_Òru
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣì gbà pé òfin tó bá wo ẹ̀yìn yóò pa àwọn iléeṣẹ́ kékeré ẹlẹ́ni mẹ́ta mẹ́rin. Géèmù tí a ti kọ́ tán, kò ṣeé tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí a mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé a gbọ́dọ̀ ronú bó ṣe máa parí, kò wọ́n tó bí àwọn ọ̀gá ṣe ń sọ ọ́. A ó kàn kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń fún wa láṣẹ mọ́tò àti orin.

Àṣàyàn
Géèmù ọjọ́ iwájú náà ni wọ́n ń sọ. Wọn ò ní kí òfin padà sẹ́yìn.

Kóòdù_Òru
Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, màá kà á fúnra mi.

Ranked_Kò_Ṣeré
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo fẹ́ kí géèmù mi má lọ mọ́, kí ni kí n ṣe báyìí? Kì í ṣe lọ́jọ́ tí òfin bá dé o.

Àpótí_Àtijọ́
Bó bá wà ní ọjà GOG lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ra ti ibẹ̀, wọn kì í fi DRM, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí èèyàn da géèmù kọ, sí i. Má kàn jẹ́ kó wà nínú àkáǹtì, wa fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kó o sì dà á kọ sórí háàdì díìsìkì tó dá dúró. Díẹ̀ nínú géèmù orí Steam náà máa ń ṣí láìsí Steam, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún ẹ, àfi kó o dán an wò. Pa Wi-Fi kó o tó ṣí i, kó o sì gbá a dé ibi tó ti máa ń tọ́jú eré, torí àwọn kan á ṣí dáadáa, ibi ìtọ́jú yẹn ni wọ́n ti máa ń béèrè server.